Bóòtù tí Ó Di Ìdí Ọkọ̀ Mú

Bí mo ṣe ń kọ àròkọ yìí, bóòtù kan wà lórí tábìlì mi. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Orí rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà mọ́, ẹni tí kò bá wò ó dáadáa lè sọ pé kí wọ́n tún un tà. Àárín rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ níbẹ̀ títí ó fi tín-ín-rín bí ìka ọmọdé, ó sì dúdú bí ẹni pé iná ló jó o. Ọ̀kan ni nínú bóòtù mẹ́sàn-án tí ó so irin tí ó tó tọ́ọ̀nù méjì mọ́ ìdí ọkọ̀ ìgbòkun kan, ọkọ̀ tí ọkùnrin kan ń gbé ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀ lọ sórí òkun ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Mẹkáníìkì ni bàbá mi ní Ìbàdàn, nítorí náà sípánà kò ṣàjèjì sí mi. Nígbà tí mo dé ìlú Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni iṣẹ́ ọmọọṣẹ́ ní ọgbà kan ní etíkun gúúsù, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ìgbòkun àtijọ́ ṣe. Ọ̀gá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ yẹn wá, ó ní kí a kàn kun ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà ní ọ̀dà ni, pé bóòtù rẹ̀ kò ní nǹkan kan, orí wọn ń dán. Ọ̀gá mi wo ilà pupa kan tí ó ń ṣàn jáde níbi tí ọkọ̀ ti pàdé irin ìdí rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a fa ọ̀kan jáde ná." Ọ̀kan tí a fà jáde ni èyí tí ó wà níwájú mi yìí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí ènìyàn ṣe dé ibi tí yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ kọ́ sórí irin tí kò lè rí.

Fún ẹni tí kò tíì wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí a ń fi àjẹ̀ wà lórí ọ̀sà kò nílò ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó bá ta ìgbòkun gíga, afẹ́fẹ́ á máa tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí kò bá sì sí ohun wíwúwo nísàlẹ̀ rẹ̀, yóò dojú dé. Ohun wíwúwo náà ni wọ́n ń pè ní kíìlì. Òjé tàbí irin dídà ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì ń rọ̀ sábẹ́ ọkọ̀ bí ìyẹ́ ẹja. Bí ìjì bá tẹ ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kíìlì ni yóò fà á nàró padà. Bí kíìlì bá já, ọkọ̀ kò ní tẹ̀, yóò yí padà ni, ní ìṣẹ́jú àáyá, àwọn tí ó sùn nínú rẹ̀ á sì bá ara wọn lábẹ́ omi nínú òkùnkùn. Bóòtù ni ó sì mú kíìlì.

Ìtàn bóòtù tí ó ń dípẹtà nísàlẹ̀ ọkọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ ìgbafẹ́. Ọkọ̀ ogun ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀tá tí ó sì fà á kì í ṣe ènìyàn. Nínú omi òkun tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní Karíbíà àti ní etíkun tiwa náà, ohun ẹlẹ́mìí kan wà tí ó rí bí ekòló, tí ó ní ìkarahun kékeré lórí. Ó ń lu igi ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé: òde á dára, inú á ti ṣófo. Ọkọ̀ tí ó bá pẹ́ ní Karíbíà lè padà sílé pẹ̀lú ìdí tí ó rí bí ajere. Koríko òkun náà ń hù lára igi, ó sì ń mú kí ọkọ̀ máa rìn bí aláboyún.

Ní ọdún 1761, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi bàbà pẹlẹbẹ bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ogun kan tí ó ń jẹ́ HMS Alarm, wọ́n sì rán an lọ sí Karíbíà láti dán an wò. Nígbà tí ó padà dé tí wọ́n gbé e sókè, ẹnu ya wọn. Kòkòrò kò fọwọ́ kan ibi tí bàbà bò. Koríko kò hù. Ṣùgbọ́n ìṣó irin àti bóòtù irin tí ó wà lábẹ́ bàbà ti di ẹrẹ̀ pupa ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn ìṣó kan wà tí ó ṣì le koko. Wọ́n wò ó títí, wọ́n rí i pé bébà ni ó gbà wọ́n: bébà tí wọ́n fi wé bàbà nígbà tí wọ́n ń kó o wá, tí òṣìṣẹ́ kan kò yọ tán kí ó tó kàn án mọ́ ọkọ̀. Níbi tí bébà náà bá ti pààlà láàrin irin àti bàbà, irin wà láàyè.

Mo fẹ́ràn ibi yìí nínú ìtàn náà ju gbogbo ibi yòókù lọ. Ẹni tí ó ṣe ìmẹ́lẹ́ nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi òtítọ́ han àwọn ọ̀gá. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé irin àti bàbà kò gbọdọ̀ fara kan ara wọn nínú omi òkun. Ìdí rẹ̀ ni wọn kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ṣì kù kí Alessandro Volta ti Ítálì tó ṣe bátìrì àkọ́kọ́ ní ọdún 1800, bẹ́ẹ̀ bátìrì gan-an ni ọkọ̀ náà ti dà láìmọ̀. Bí irin àti bàbà bá jọ wà nínú omi iyọ̀ tí wọ́n sì kan ara wọn, iná tí ojú kò rí á máa sàn láàrin wọn, irin ni yóò sì máa san owó rẹ̀. Yóò máa yòrò díẹ̀díẹ̀ kí bàbà lè máa dán.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ogun dé. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń jà fún òmìnira, tí Faransé àti Spéènì sì gbè é lẹ́yìn, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀ tó mọ́. Charles Middleton, tí ó di alábòójútó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun ní ọdún 1778, rí i pé bí òun kò bá lè kan ọkọ̀ tuntun kíá, òun lè mú kí èyí tí ó wà nílẹ̀ máa sáré. Ó ní kí wọ́n fi bàbà bo gbogbo wọn. Ti bóòtù irin ńkọ́? Wọ́n ní bébà nípọn tí wọ́n fi ọ̀dà rẹ́ ni yóò pààlà láàrin wọn. Wọ́n sọ ohun tí ìmẹ́lẹ́ ṣe di òfin. Nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1782, ọkọ̀ tí ó lé ní 300 ni wọ́n ti fi bàbà bò.

Wọ́n sáré lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ atukọ̀ yin bàbà. Ṣùgbọ́n bébà kì í ṣe irin. Omi ń wọ ibi tí ìṣó bá ti lu ú, ìgbì ń mì ín, ó ń ya. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1782, ìjì líle ká ọ̀wọ́ ọkọ̀ kan tí ó ń bọ̀ láti Jàmáíkà mọ́ àárín òkun Àtìláńtíìkì. Ramillies àti Centaur, ọkọ̀ ogun ńlá méjèèjì, wà lára àwọn tí ó ṣègbé. Ìjì lè ri ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le, mi ò jiyàn. Síbẹ̀, àwọn tí ó mọ ohun tí ń lọ lábẹ́ bàbà bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè pé mélòó nínú bóòtù àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó ṣì mú igi. Ẹni tí ó mọ ìdáhùn ti bá omi lọ.

Bí irin kò bá ṣeé lò, kí wọ́n lo bóòtù bàbà: ọ̀rọ̀ rírọrùn, àbí? Kò rọrùn. Bàbà rọ̀. Bóòtù ọkọ̀ ogun gùn, igi óákù le, òòlù ni wọ́n sì fi ń gbá a wọlé. Bàbà á tẹ̀ kí ó tó dé ìdajì. Ìgbà tí àwọn alágbẹ̀dẹ rí ọgbọ́n títẹ bàbà ní tútù láàrin ọ̀pá irin méjì tí ń yí, títí ara rẹ̀ fi le, ni ọ̀nà tó là. Láàrin ọdún 1783 sí 1786, àwọn ọmọ ogun ojú omi pàṣẹ pé kí wọ́n fa bóòtù irin tí ó wà lábẹ́ omi jáde kúrò lára ọkọ̀ wọn, kí wọ́n sì fi ti bàbà rọ́pò. Ẹ fojú inú wo iye rẹ̀. Mẹ́sàn-án péré ni tiwa, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ó gbà wá. Ọkọ̀ ogun ńlá kan ṣoṣo ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Owó ńlá wọlé fún àwọn tí ń ta bàbà. William Forbes, aṣebàbà ní Lọ́ńdọ̀nù, fi èrè rẹ̀ ra ilẹ̀ ńlá Callendar ní Scotland ní ọdún 1783. Thomas Williams, ará Wales tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọba bàbà, ní ohun àlùmọ́nì Parys Mountain ní erékùṣù Anglesey lábẹ́ àkóso rẹ̀. Ibí yìí ni ìtàn bóòtù ti kan ilé tiwa. Kì í ṣe bóòtù nìkan ni Williams ń tà. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń rọ ìkòkò àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí àwọn oníṣòwò ń kó wá sí etíkun Áfíríkà láti fi ra ènìyàn. Ní ọdún 1788, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fẹ́ dín òwò ẹrú kù, ó kọ̀wé sí wọn pé òun àti àwọn alájọṣe òun ti fi £70,000 sínú ọjà tí ó jẹ mọ́ òwò Áfíríkà.

Ọkọ̀ akẹ́rú wà lára ọkọ̀ oníṣòwò tí ó kọ́kọ́ tẹ́wọ́ gba bàbà. Kò yà mí lẹ́nu. Omi wa lọ́ wọ́ọ́rọ́, ibẹ̀ ni kòkòrò ajẹgi ń gbé, àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí sì máa ń dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù ní etíkun kí wọ́n tó rí ènìyàn kó tó. Àwọn òpìtàn ọrọ̀ ajé tí ó ṣírò rẹ̀ sọ pé bàbà fi bí ìdá kan nínú mẹ́fà kún eré ọkọ̀ akẹ́rú Gẹ̀ẹ́sì, àti pé pẹ̀lú bóòtù bàbà, ọjọ́ ayé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gùn sí i. Ìrìn àjò tí ó yá dín iye àwọn tí ó kú lójú ọ̀nà kù. Mo ka èyí ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bóòtù tí kò dípẹtà gba ẹ̀mí àwọn baba ńlá wa kan là lórí omi, kí wọ́n lè dé oko ìrèké láàyè. Ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ kan náà tún lè padà wá kó ènìyàn sí i.

Àwọn ọdún yẹn gan-an sì ni Èkó ń di èbúté ńlá fún òwò náà. Ọkọ̀ kan wà tí mi ò lè gbàgbé orúkọ rẹ̀. Henriquetta ni, ọkọ̀ àwọn ará Brazil tí ó yára bí àṣá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1827, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì Sybille mú un pẹ̀lú ènìyàn 569 tí ó kó ní Èkó, tí ó ń gbé lọ sí Bahia. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rà á, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Black Joke, wọ́n sì fi ń lé àwọn akẹ́rú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1829, ó mú El Almirante lẹ́yìn tí ó ti lé e fún ohun tí ó ju ọjọ́ kan lọ. Ènìyàn 466 ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Kì í ṣe ìbọn ni ó pa Black Joke. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1832, wọ́n dáná sun ún ní Freetown nítorí pé igi ara rẹ̀ ti jẹrà.

Lẹ́yìn tí Volta ti ṣe bátìrì, àwọn onímọ̀ lè sọ ohun tí ń jẹ irin. Humphry Davy ni ó rò ó pé bí iná yìí kò bá ní ṣe kí ó má jẹ nǹkan, kí a fún un ní ohun tí kò dùn wá. Ní ọdún 1824, ó ní kí wọ́n so ègé síńkì tàbí irin mọ́ bàbà ìdí ọkọ̀, kí ó máa jẹ ìyẹn. Wọ́n dán an wò lára ọkọ̀ Samarang. Bàbà rẹ̀ kò jẹ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n koríko àti ìkarahun bò ó, nítorí pé bàbà tí ń yòrò sínú omi ni májèlé tí ń lé wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi Davy ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì dùn ún. Síbẹ̀, títí di òní, kò sí ọkọ̀ tí ń jáde ní ọgbà wa tí a kì í de síńkì tuntun mọ́ nísàlẹ̀. Ẹbọ ni mo máa ń pè é, ọ̀gá mi sì máa ń rẹ́rìn-ín.

Títí di ìdajì kejì ọ̀rúndún 19, inú ọkọ̀ ni àwọn tí ń fi ọkọ̀ ìgbòkun sáré ìje ń kó ìwúwo sí: òkúta, irin, òjé. Kò sí ohun tí ó lè já. Ìje ni ó sọ ọ́ di ohun mìíràn. Bí ìwúwo bá ṣe rọ̀ sísàlẹ̀ tó ni ọkọ̀ ń lè ru ìgbòkun tó, nítorí náà wọ́n gbé òjé kúrò nínú ilé, wọ́n gbé e kọ́ síta. Ní ọdún 1891, Nathanael Herreshoff ní Rhode Island ní Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ Dilemma, tí kíìlì rẹ̀ jẹ́ pátákó irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí òjé rogodo wà ní ìdí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kíìlì ti ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, tí ó ń gùn sí i, tí ibi tí ó ti so mọ́ ọkọ̀ sì ń kéré sí i. Nígbà tí ọkọ̀ fáíbà dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí olùkọ́ àti akọ̀wé náà lè ra ọkọ̀, irin dídà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ kíìlì wọn, nítorí pé òjé wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé irin aláìdípẹtà ti parí ìjà náà. Irọ́ díẹ̀ wà nínú orúkọ yẹn. Ohun tí ń dáàbò bo irin bẹ́ẹ̀ ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí afẹ́fẹ́ ń ràn án lọ́wọ́ láti ṣe. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá wà, bí orí bóòtù nínú ọkọ̀, yóò máa dán. Ṣùgbọ́n ibi tí omi iyọ̀ bá ti há láàrin ọkọ̀ àti kíìlì, tí afẹ́fẹ́ tuntun kò dé ibẹ̀, awọ náà á bó, kò sì ní lè hù padà. Ìdí nìyí tí àárín fi ń jẹ tí orí fi ń dán. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ wa kò purọ́. Ohun tí ó rí ni ó sọ.

Àwọn ará Sweden náà kọ́gbọ́n yìí. Ọkọ̀ ogun Vasa rì ní èbúté Stockholm ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1628, ní ìrìn àkọ́kọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1961, igi rẹ̀ dára, nítorí pé omi Baltic kò níyọ̀ tó fún kòkòrò ajẹgi; bóòtù irin rẹ̀ ni ó ti yòrò lọ. Wọ́n fi irin tuntun tí ó lé ní 5,000 rọ́pò. Àwọn yẹn náà dípẹtà, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún un, ìpẹtà wọn sì ń ba igi jẹ́. Láàrin ọdún 2011 sí 2018, wọ́n tún fa gbogbo rẹ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi irin tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò.

Ti Vasa jẹ́ ọ̀rọ̀ igi. Ti Cheeki Rafiki jẹ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ọkùnrin mẹ́rin, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ń wa ọkọ̀ ìgbòkun yìí bọ̀ láti Antigua sí Southampton lẹ́yìn ìje kan. Méjì nínú wọn kò tíì pé ọdún 25. Ọdún 2006 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, kò tíì gbó. Ní nǹkan bí 720 máìlì sí Nova Scotia, wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé omi ń wọlé, àwọn kò sì rí ibi tí ó ti ń wọ̀. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà wá wọn, wọ́n dáwọ́ dúró, àwọn ènìyàn tí ó lé ní 200,000 sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan rí Cheeki Rafiki ní ìdojúdé, kíìlì rẹ̀ ti lọ, ọkọ̀ ìgbàlà rọ́bà rẹ̀ ṣì wà ní dídì nínú rẹ̀. A kò rí àwọn mẹ́rin náà mọ́. Àjọ tí ń ṣèwádìí ìjàǹbá ojú omi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó ṣeé ṣe kí gbígbá tí kíìlì náà ti gbá ilẹ̀ rí, àti àtúnṣe tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ti sọ ibi tí ó so mọ́ di aláìlágbára, ó sì ṣeé ṣe kí bóòtù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti bàjẹ́ ṣáájú.

Ọkùnrin tí ó ni ọkọ̀ ọgbà wa mọ ìtàn yìí. Nígbà tí ọ̀gá mi gbé bóòtù lé e lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan. Ó fi àtàǹpàkò ra ibi tí ó tín-ín-rín náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ó ní, "Gbogbo wọn."

A gbé ọkọ̀ náà sókè, a sì fi igi ti kíìlì rẹ̀ kí ó lè dá dúró. A da òróró wíwọnú sí nọ́ọ̀tì, a fi í sílẹ̀ sùn, a fi iná gbóná ọ̀kan tí ó kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú tán, kireéènì fa ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí kíìlì fi dá wà lórí ilẹ̀ bí eyín tí a yọ. Nínú mẹ́sàn-án, mẹ́rin ti jẹ bíi ti àkọ́kọ́, mẹ́ta jẹ díẹ̀, méjì dára bí ọjọ́ tí wọ́n rà wọ́n. A kò lè mọ̀ èyí tí ó dára nínú wọn nípa wíwo orí rẹ̀. A ha ìpẹtà ojú kíìlì dànù, a kùn ún, a fi oje tí kì í jẹ́ kí omi wọlé sáàrin, a fi bóòtù tuntun sí i, a sì fún nọ́ọ̀tì wọn pẹ̀lú sípánà tí ń ka agbára ọwọ́, láti àárín lọ sí ìpẹ̀kun, kí ọ̀kan má baà ru ẹrù èkejì.

Ọjọ́ Sátidé ni a dá a padà sínú omi. Ọ̀gá mi ní kí n sùn sínú rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ní agogo mẹ́ta òru, mo ṣí pátákó ilẹ̀ ọkọ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fi ọwọ́ yí ìdí nọ́ọ̀tì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbẹ. Mo dá pátákó padà, mo lọ sùn.